Ìrẹ̀ Inú Fíríìjì

Rọ́sálì, alágẹmọ tí o fi sílẹ̀ kò kú.
Ó wà lórí ẹ̀ka gúáfà tí mo so mọ́ fèrèsé,
ó ń fi ojú kan wo òkè Sábẹ,
ó ń fi ojú kejì wo ọwọ́ mi.
Ọwọ́ mi ló mọ̀. Kò mọ orúkọ mi.

O ní, "Bàbá, ìrẹ̀ márùn-ún lójúmọ́,
láàyè o, kì í jẹ òkú."
O wọ mọ́tò Kútọnù, o lọ kàwé.
Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún já tíkẹ́ẹ̀tì
ní ibùdókọ̀ ojú irin,
mo di ẹni tí ń fi tọ́ọ̀ṣì walẹ̀ lóru,
tí ọmọ kékeré ń pè ní Bàbá Onírẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ le bí ẹ̀yìn ahun,
ìrẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ lọ, ọwọ́ mi ò tó o mọ́.
Mo ní ó dáa, ẹni tí kò lè dẹ, á sìn.
Fíríìjì ìyá rẹ àgbà,
èyí tó dákẹ́ lọ́dún tí òun náà dákẹ́,
mo lu ilẹ̀kùn rẹ̀ níhò, mo fi nẹ́ẹ̀tì dí i.
Mo to páálí ẹyin adìyẹ lé ara wọn bí ilé alájà,
mo gbé ìkòkò yanrìn tútù síbẹ̀ fún ẹyin tiwọn.
Èèpo kárọ́ọ̀tì, ewé tẹ̀tẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo.
Omi inú ìdérí ń pa wọ́n,
òwú tútù ni mo fi ń fún wọn mu.

Lọ́jọ́ kejìlá, ẹyin pa.
Ìrẹ̀ tuntun kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ!
Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wọ̀ ọ́.
Ibi tí ó ń tọ́jú ọbẹ̀ àná sí
ti kún fún ọmọ.

Ṣàbí ẹ̀yìn ògiri kanlẹ̀kùn láago méjì òru.
"Bàbá, kí ló ń ké báyìí? Ó ti wọ inú eyín mi!"
Mo ní akọ ni, akọ ń pe abo.
Ó ní, "Ṣé gbogbo wọn náà ni ò ríyàwó?"
Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
Àbí kí ni mo lè ṣe?
Ó rẹ̀ mí, kò rẹ ìrẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀fọn pọ̀.
Mo tan oògùn ẹ̀fọn, èyí tó ká bí ejò, mo sùn.
Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi.
Mo ṣí fíríìjì. Gbogbo wọn ti gbẹ́sẹ̀ sókè.
Mo gbá wọn sínú páànù bí ìyàngbò,
alágẹmọ wò wọ́n, ó wò mí, ó yíjú.
Èmi náà ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Mẹ́tàdínlógún ló yè, nínú ìkòkò yanrìn.
Mo tún bẹ̀rẹ̀.

Màá sọ ohun tí mi ò sọ fún Ṣàbí.
Tí mo bá nawọ́ láàárọ̀, wọn kì í sá,
wọ́n rò pé kárọ́ọ̀tì dé ni.
Mo máa ń ní kí wọ́n má bínú.
Faransé ni mo fi ń sọ ọ́,
torí bí mo bá fi èdè wa sọ ọ́,
ó lè di ohun tí n ó ṣe.

Ọ̀kan wà nínú wọn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti gé.
Láago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú,
àkókò tí ọkọ̀ Pàràkú máa ń wọlé tẹ́lẹ̀,
ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dún.
Mi ò ní mú un. Má sọ fún alágẹmọ.

Bí o bá ń bọ̀ nísinmi, ra kárọ́ọ̀tì dání,
ó ti wọ́n ní Sábẹ.
Má ra oògùn ẹ̀fọn.